Téèpù Méjì, Èémí Kan Ṣoṣo

Nígbà tí wọ́n tẹ téèpù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn kan ṣoṣo ló jáde.

Olóòtú ètò orin kan nílé rédíò ló tẹ̀ wọ́n fún ọlọ́pàá méjì. Ó gbé ìka sókè, ó ń dúró de ibì kan nínú orin náà. Fèrè ń lọ jẹ́jẹ́, àwọn fáyólìn ń rọra kùn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, fèrè dákẹ́, ẹni tó ń fun ún sì mí sínú. Ẹ̀rọ ọwọ́ òsì mí, ẹ̀rọ ọwọ́ ọ̀tún mí, lásìkò kan náà gẹ́lẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ni olóòtú wí. "Ogún ọdún ló wà láàárín téèpù méjèèjì yìí. Ìbejì gan-an kì í mí bákan náà, ẹ̀yin ọlọ́pàá."

Sájẹ́ńtì mi orí bí ẹni tó mọ̀ nípa orin. Kò mọ nǹkan kan nípa orin. Ohun tó mọ̀ ni pé Insipẹ́kítọ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti di ojú méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ohun tí Sájẹ́ńtì kórìíra láyé yìí tó ẹ̀rín músẹ́ yẹn. Obìnrin náà fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i, ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ló dé ẹ̀ka náà, ìgbà tí ipò sì ṣí sílẹ̀, òun ni wọ́n fà lé lọ́wọ́. Àwọn ará ọ́fíìsì ń pè é ní Arínúróde. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ yẹn, Sájẹ́ńtì ṣì ń wá a di òní olónìí.

Símfónì tí wọ́n ń gbọ́, orin gígùn onípín mẹ́rin, kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ní rédíò nílé. Ọmọ ilẹ̀ Tsẹ́kì kan ló kọ ọ́ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ́kẹ́sírà tó já mọ́ nǹkan tí kò tíì gbà á sílẹ̀. Iṣẹ́ ètò olóòtú yìí ni kó kó téèpù orin kan náà jọ láti ọ̀dọ̀ onírúurú ọ́kẹ́sírà, kó máa gbé wọn sáfẹ́fẹ́ níkọ̀ọ̀kan láìdárúkọ ẹni tó ni wọ́n, kí àwọn adájọ́ mẹ́ta sì sọ èyí tó dùn jù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ti ọ́kẹ́sírà ìlú náà fúnra rẹ̀ kún un, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tí wọ́n gbà ní ogún ọdún sẹ́yìn, àti èyí tí wọ́n gbà ní oṣù méjì sẹ́yìn.

Ìpín kejì orin náà ni gbogbo ayé máa ń dúró dè, níbi tí fèrè gígùn kan ti ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí àárò ilé ń sọ. Lórí téèpù àtijọ́, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Fèrè ló fun ún. Lórí téèpù tuntun, ìyàwó rẹ̀ ni.

"Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo gbé méjèèjì lé ẹ̀rọ," olóòtú ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìpín kìíní yàtọ̀ síra. Ìkẹta yàtọ̀. Ìkẹrin yàtọ̀. Ìpín kejì, kò sí ìyàtọ̀ rárá. Obìnrin yẹn gbé ti ọkọ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tirẹ̀. Ẹ wo ìwé ilé téèpù wa."

Ó ṣí ìwé ńlá kan níwájú wọn. Ọ̀gá Fèrè ló buwọ́ lù ú pé òun mú téèpù àtijọ́ lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ló buwọ́ lù ú pé òun dá a padà, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí téèpù tuntun parí. Sájẹ́ńtì wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ẹjọ́ ti parí, kò sì tíì sí ohun tí Arínúróde rí níbẹ̀ tí òun náà kò rí.

"Ta ló ti gbọ́ téèpù àtijọ́ yìí láti ogún ọdún?" Insipẹ́kítọ̀ béèrè.

"Há! Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, Màdámú."

"Mi ò béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n, sà. Ẹni tó gbọ́ ọ ni."

Olóòtú họ orí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́, ní ọdún tí wọ́n gbà á. Láti ìgbà náà, inú àpótí ló wà. Àwọn èèyàn kàn ń sọ bó ṣe dùn tó ni.

"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni ìgbìmọ̀ ọ́kẹ́sírà fẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ obìnrin náà," olóòtú ní. "Wọ́n máa lé e ni. Ẹni tí wọ́n bá sì lé pẹ̀lú orúkọ olè nínú iṣẹ́ yìí, kò tún sí ọ́kẹ́sírà tó máa jẹ́ kó jókòó láàárín wọn."

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá nígbà yẹn.

*

Inú yàrá tí àwọn olórin ń kó àpótí ohun-èlò wọn sí ni wọ́n ti bá obìnrin náà. Wọ́n ti ní kó má wọ gbọ̀ngàn mọ́, àmọ́ kò lè jókòó sílé, ó sì wá jókòó síbẹ̀, ó gbé fèrè rẹ̀ lé itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó tó ẹni ogójì ọdún. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Màdámú, èmi ni mo fun ún. Mi ò mọ ọ̀nà míì tí mo tún lè gbà sọ ọ́."

"Wọ́n ní ẹ ṣì í ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ tí ẹ gbà á," Sájẹ́ńtì gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ikọ́ ló ń ṣe mí. A tún un gbà. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló dáa, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀dà téèpù náà gbé lọ sílé."

"Ẹ̀yin lẹ dá téèpù padà sí ilé rédíò."

"Ọkọ mi ló rán mi. Wọ́n ti lẹ àpò náà pa, mo kàn gbé e lọ ni."

"Ẹ ò bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Ọkọ mi kì í fẹ́ ìbéèrè, sà."

Insipẹ́kítọ̀ fa àga kan, ó jókòó níwájú rẹ̀, orúnkún kan orúnkún. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ti kọ́ṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí n tó fẹ́ ẹ ni mo ti kọ́ ọ. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, eyín iwájú rẹ̀ méjì yọ, kò lè di ẹnu fèrè mú mọ́. Wọ́n ní kí n bọ́ sí àyè rẹ̀."

"Ṣé ibi tó ń mí ni ẹ̀yin náà ń mí?"

"Rárá o! Èémí rẹ̀ gùn ju tèmi lọ. Ìlà méjì ló máa ń fun pọ̀ láìmí. Èmi ò tó o. Àárín ni mo ti ń mí."

Sájẹ́ńtì kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lọ́kàn ara rẹ̀, ó ní ẹnu olè kì í kọ̀ kó má sọ̀rọ̀.

"Màdámú," obìnrin náà di ọwọ́ Insipẹ́kítọ̀ mú, "tó bá jẹ́ owó ni wọ́n ní mo jí, mi ò bá sanwó. Ohùn mi ni wọ́n ní kì í ṣe tèmi. Tí wọ́n bá lé mi ní aago mẹ́rin, kí ni mo tún fẹ́ fi sọ pé èmi ni?" Ó wá bú sẹ́kún.

*

Ẹni tó ń jókòó ṣìkejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ onífèrè, Igbákejì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọkùnrin ọlọ́yàyà ni, òun ló sì ń tọ́jú yàrá ìwé orin. Bí wọ́n ti wọlé tọ̀ ọ́, kò jẹ́ kí wọ́n jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ wádìí mi, mo fẹ́ àyè yẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fẹ́ ẹ. Gbogbo ìgbà tó bá ń fun ibẹ̀ yẹn, mo máa ń gbàdúrà pé kí èkúrú há a lọ́fun."

"Èkúrú kẹ̀?" Sájẹ́ńtì ní.

"Ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè há èèyàn lọ́fun, ẹ̀gbọ́n."

Sájẹ́ńtì fẹ́ràn ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀. Èèyàn tó ń jowú, tó sì ń sọ ọ́ síta bí ẹni ń kí ará ilé, irú wọn kò wọ́pọ̀. Òun kò jẹ́ dán irú rẹ̀ wò ní ọ́fíìsì.

"Ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí ẹ gbà lọ́jọ́ yẹn, báwo ló ṣe rí?" Insipẹ́kítọ̀ béèrè.

"Mi ò fetí sí i. Ó ti rẹ gbogbo wa. Ẹni tó ń fi àwo idẹ méjì lu ara wọn gan-an ti sùn lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló sì máa ń lù ú nínú gbogbo símfónì yẹn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mọ́ mi níbẹ̀ fún yín. Ìwé orin tuntun ni. Ẹni tó tẹ ìwé yẹn kò lu nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ibi tí fèrè ń sọ̀rọ̀ tó dùn jù ni ojú-ìwé àwọn onífáyólìn parí sí. Ṣààà! Gbogbo wọn á ṣí ìwé papọ̀ lé e lórí. Inú mi á dùn!"

"Ìgbà wo ni ẹ ra ìwé tuntun yìí?"

"Lọ́dún tó kọjá. Òrùlé ló jò sórí ti àtijọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ àwọn yẹn, ẹni tó kọ ọ́ sì gbọ́n. Ibi tí fèrè bá ti dákẹ́ tán ni ojú-ìwé ti ń parí."

Insipẹ́kítọ̀ ní kó bá òun mú ìwé fáyólìn kan wá nínú ti àtijọ́ tí òjò pa, àti ọ̀kan nínú tuntun. Ó ká wọn, ó kó wọn sínú báàgì. Sájẹ́ńtì wò ó bó ṣe ń ká wọn, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé àṣehàn nìyẹn, kí àwọn èèyàn lè máa sọ pé obìnrin náà mọ̀wé orin kà.

*

Ilé Ọ̀gá Fèrè kò jìnnà. Alàgbà tín-ín-rín kan ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Ó fi tíì lọ̀ wọ́n, wọ́n gbà. Bó ti ń po ṣúgà, Sájẹ́ńtì ń wo ara ògiri. Àwòrán mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni alàgbà náà ti di fèrè mú, nígbà tí eyín ṣì wà. Kò sí àwòrán ìyàwó rẹ̀ ẹyọ kan.

"Kí ló dé tí ẹ lọ gba téèpù yín ní ilé rédíò, bàbá?" Insipẹ́kítọ̀ béèrè.

"Mo fẹ́ gbọ́ ara mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó ló lò lọ́wọ́ yín?"

"Mẹ́ta. Orí tábìlì yìí ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ téèpù mi méjèèjì. Mi ò ṣọ́ ọ."

"Ṣé ẹ rò pé ó jí i?"

"Ẹnu mi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ọ." Alàgbà náà rọra gbé ife tíì sílẹ̀. "Ẹni tó wà ní àyè mi báyìí, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ́ ọ. Bóyá kò tó o ni. Èèyàn á ní nǹkan, kò ní tó o, á tún fẹ́ ti ẹlòmíì."

"Ẹ ti gbọ́ téèpù tuntun?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Èmi ni mo kọ́ ọ."

Bí wọ́n ti jáde sí ojú pópó, Sájẹ́ńtì ní, "Màdámú, ọkọ rẹ̀ gan-an kò lè gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ kọ ọ́."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ẹ̀gbọ́n." Bó ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n lọ́tùn-ún, ẹ̀gbọ́n lósì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ì bá sàn kó máa bú u. Ọ̀wọ̀ ẹni tó ti borí ẹni máa ń ta èèyàn ju èébú lọ.

*

Aago méjì ti lù kí wọ́n tó padà dé ọ̀dọ̀ olóòtú.

"Láti àárọ̀, fèrè ló ń tàn wá jẹ," Insipẹ́kítọ̀ ní. "Ẹ má fetí sí fèrè mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Téèpù àtijọ́ nìkan, sà. Ẹ gbé e sókè dáadáa."

Olóòtú yí bọ́tìnì. Gbogbo yàrá kún fún orin. Fèrè wọlé, ó sọ ìlà kìíní, ó mí, ó bọ́ sí ìlà kejì. Láàárín ìlà kejì yẹn, nǹkan kan dún jìnnà-jìnnà: ṣààà.

"Ẹ dá a dúró. Kí ni ìyẹn?"

"Ìwé ni, Màdámú. Àwọn onífáyólìn ń ṣí ìwé. Ó wà lórí gbogbo téèpù."

Insipẹ́kítọ̀ tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì. "Ẹ bá wa wò ó. Nínú ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí wọ́n lò lógún ọdún sẹ́yìn, ibo ni ojú-ìwé parí sí?"

Olóòtú fi ìka tọ̀ ọ́. "Níbí. Fèrè ti dákẹ́ tán."

"Nínú tuntun ńkọ́?"

Ìka rẹ̀ rìn lórí ìwé, ó sì dúró. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Sájẹ́ńtì rí i kí olóòtú tó sọ ọ́, ara rẹ̀ gbóná, nítorí pé yàrá ìwé orin ni òun náà wà nígbà tí Igbákejì pariwo ṣààà sí wọn létí.

"Ìwé tí wọ́n rà lọ́dún tó kọjá," Insipẹ́kítọ̀ ní, "báwo ni wọ́n ṣe ṣí i lógún ọdún sẹ́yìn?"

Olóòtú gbé ìwé tuntun náà sún mọ́ ojú.

"Gbogbo wa gbọ́ pé méjì jọra, a sì sáré dá ọmọ lẹ́bi nítorí pé àgbà ni ìkejì. Àtijọ́ ni ayédèrú. Ẹnì kan da ìpín kejì obìnrin yẹn kọ sórí téèpù míì, ó gbé e sínú àpótí ọkọ rẹ̀, ó sì yọ ìpín kejì ti ọkọ kúrò. Ìdí nìyẹn tí 'ọkọ' fi mí láàárín ìlà méjì. Èémí ìyàwó ni."

Ó yanjú, ó yanjú pátápátá, ó sì dun Sájẹ́ńtì wọ eegun. Ó ti ń rí orúkọ Arínúróde nínú ìwé ìròyìn ọ̀la.

"Ta wá ni?" olóòtú béèrè.

Níbẹ̀ ni ẹ̀rín músẹ́ ti kúrò lẹ́nu Arínúróde. Ó rìn lọ sójú fèrèsé, ó rìn padà. "Igbákejì fẹ́ àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n téèpù kò dé ọwọ́ rẹ̀. Ilé ọkọ rẹ̀ ni téèpù wà, ṣùgbọ́n kí ló máa mú ọkọ ṣe é? Òkìkí rẹ̀ ló wà nínú téèpù yẹn. Ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ohùn ara rẹ̀ nù? Kò bọ́ sí i."

"Ó bọ́ sí i," Sájẹ́ńtì ní.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Kò mọ̀ pé òun ti la ẹnu. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́fun rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

"Ogún ọdún ni wọ́n ti ń yìn ín, wọn kò sì gbọ́ ọ. Irú ìyìn yẹn dùn. Kò sẹ́ni tó lè bá a du ú. Olóòtú wá ní òun fẹ́ gbé tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ tẹ̀lé ara wọn, kí gbogbo ìlú gbọ́ méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Màdámú, ó gbé ẹ̀dà tí wọ́n fún ìyàwó rẹ̀ lé ẹ̀rọ nílé, ó gbọ́ ọ, ó sì mọ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n fi òun wé e. Bí téèpù méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ta ló máa borí? Kò jọ pé ó fẹ́ kí wọ́n pe ìyàwó rẹ̀ lólè. Nígbà tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, ó kàn dákẹ́ ni. Ó wá rí i pé ìyẹn náà dára."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Insipẹ́kítọ̀ béèrè.

"Kò pè é ní ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 'Ẹni tó wà ní àyè mi.' Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin yẹn ti wà níbẹ̀, àyè tirẹ̀ ṣì ni."

Sájẹ́ńtì rántí pé òun kò tíì fi ẹnu ara òun pe tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé ní ọ́fíìsì ní tábìlì Insipẹ́kítọ̀ rí. Ojú tì í. Insipẹ́kítọ̀ ń wò ó, ojú tó fi ń wò ó sì jọ èyí tí Sájẹ́ńtì mọ̀ dunjú nínú díńgí. Ẹ gbà mí o, Arínúróde ń jowú! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi kó kọrin.

*

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti padà dé ilé Ọ̀gá Fèrè, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe obìnrin náà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bí àlejò.

"Fèrè tí ẹ ń fun nígbà náà, bàbá, ibo ló wà?" Sájẹ́ńtì béèrè.

"Mo ti tà á."

"Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Insipẹ́kítọ̀ wo Sájẹ́ńtì. Sájẹ́ńtì mọ̀ pé òjòwú lè ba ti ẹlòmíì jẹ́, ṣùgbọ́n kò ní sun tirẹ̀ níná. Ó na ọwọ́, ó gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀, ó ṣí i. Fèrè wà níbẹ̀. Róòlù téèpù kan wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n fi ń nu fèrè wé e.

Alàgbà náà jókòó. "Ẹ má lò ó," ó ní. "Mo bẹ̀ yín. Ẹ gbé mi, ẹ má lò ó."

Insipẹ́kítọ̀ ti gbé e lé ẹ̀rọ.

Fèrè náà wọlé, ó ga, ó lágbára, ó fun ìlà kìíní, kò mí, ó bọ́ sí ìkejì. Sájẹ́ńtì tí kò mọ nǹkan kan nípa orin mọ̀ pé ọkùnrin yìí lẹ́bùn. Àfi bó ti ku díẹ̀ kí ìlà kejì parí ni èémí tán nínú rẹ̀, ohùn náà sì sán lójú kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ló parí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé, tí wọ́n sì wá ṣí ìwé.

Alàgbà náà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Ibi tó sán yẹn," ìyàwó rẹ̀ ní, "mo mọ̀ ọ́n. Mo wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ogún ọdún ni mí. Ibẹ̀ yẹn ni mo ti ní ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni mo máa kọ́ṣẹ́. Mo ní ẹni tó lè gbẹ́kẹ̀ lé èémí ara rẹ̀ tó báyìí, ẹ̀rù kì í bà á." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ẹ̀yin gbọ́ ọ, ẹ gbọ́ tèmi, ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́rin bá mi jẹun àárọ̀ nígbà tí wọ́n ń pè mí lólè."

"Mo fẹ́ sọ ọ́."

"Ìgbà wo?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a, ojú òtítọ́ kì í sì í tutù lọ́jọ́ náà.

"Téèpù ti wà lọ́wọ́ wa, ìyá," Insipẹ́kítọ̀ ní. "Èmi fúnra mi máa ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀."

"Rárá, Màdámú. Ẹ ṣeun. Tí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọlọ́pàá ló gbà mí sílẹ̀. Òun ni kó sọ ọ́. Kó sì sọ ìdí tó fi ṣe é."

Alàgbà náà dìde. Ó rìn tọ Sájẹ́ńtì wá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó fi ọrùn ọwọ́ kan ara wọn. "Ẹ dè mí," ó ní. "Ẹ mú mi lọ sí àgọ́. Mo jẹ̀bi. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ ni màá buwọ́ lù."

Insipẹ́kítọ̀ ya ẹnu, kò yé e. Ó yé Sájẹ́ńtì. Ọkùnrin yìí á kúkú sùn ní àhámọ́ ju kó dúró níwájú àwọn tí wọ́n ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìyàwó òun ju òun lọ. Ká ní òun náà ni, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn lòun náà ì bá bẹ̀bẹ̀ fún.

"Ẹ ká ọwọ́ yín wálẹ̀, bàbá," ó ní. "Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ."

*

Àwọn méje ló jókòó yí tábìlì gígùn ká nínú yàrá òkè, alága sì ti ń ka lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi lé obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Alàgbà náà wọlé ṣáájú. Wọ́n dìde fún un, gbogbo wọn pátá, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ìyàwó mi kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo pààrọ̀ téèpù. Tirẹ̀ ni mo fi sínú àpótí tèmi."

"Ọ̀gá Fèrè!" alága ní. "Kí ló dé?"

Sájẹ́ńtì tó dúró ti ilẹ̀kùn rí i bí alàgbà náà ṣe di ẹ̀yìn àga kan mú, òun náà sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n fun jù mí lọ."

Obìnrin náà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sunkún, kò sì wò ó. "Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ìdánrawò ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀," ó ní. "Ṣé mo lè lọ?"

Kí alága tó la ẹnu, obìnrin náà ti gbé àpótí fèrè rẹ̀, ó yí padà, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí tí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn fi ṣí, tó sì padé.

Insipẹ́kítọ̀ fi téèpù méjèèjì lé alága lọ́wọ́, ó ṣàlàyé pé ọwọ́ ilé rédíò ló kù sí láti pẹjọ́ tàbí kí wọ́n má pè é, wọ́n á sì mọ̀ lọ́la. Lẹ́yìn náà ni òun pẹ̀lú jáde. Ó ku Sájẹ́ńtì àti alàgbà náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ máa gbé mi lọ báyìí, àbí?" alàgbà béèrè. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìrètí ni.

"Rárá, bàbá," Sájẹ́ńtì dá a lóhùn. "Ilé lẹ ń lọ. Ìyàwó yín máa bá yín níbẹ̀ tó bá ti parí iṣẹ́."